Ẹ Má Ti Ilé-Ẹ̀kọ́ Abúlé Pa Nítorí Iye Ọmọ

Ọ̀rọ̀ kan bọ́ sílẹ̀ ní ìpàdé ẹ̀ka wa tó kọjá, mo sì ṣèlérí pé n óò fèsì sí i nínú ìwé ìròyìn wa. Nígbà tí à ń sọ̀rọ̀ lórí àwọn ọmọ wa tó wà lọ́dọ̀ àwọn ìyá àgbà ní abúlé, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́ dìde. Ó ní ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ọmọ inú rẹ̀ kò tó ogójì kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́, òfò owó ìjọba ni. Ó ní kí wọ́n tì í pa, kí wọ́n kó àwọn ọmọ náà lọ sí ìlú tó bá sún mọ́ ọn. Ó tún fi kún un pé ọmọ àlejò ló kúkú pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún un.

Mo bọ̀wọ̀ fún àgbà náà, n kò sì ní bú u. Ó ti ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ yìí kí èmi tó wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó sọ kò tọ̀nà, ó sì léwu fún àwa òṣìṣẹ́ ju fún ẹnikẹ́ni lọ. Ìdí nìyí tí mo fi mú gègé.

OHUN TÍ ÒFIN WÍ

Ilé-ẹ̀kọ́ tí à ń sọ ni ti ọlọ́dún mẹ́ta tí ọmọ ń wọ̀ lẹ́yìn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní JSS. Òfin UBE ti ọdún 2004 so ọdún mẹ́ta yìí pọ̀ mọ́ ọdún mẹ́fà ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán di ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ àti ti dandan fún gbogbo ọmọ. Òfin náà ní òbí tí kò bá jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lọ, ìkìlọ̀ ni ti àkọ́kọ́. Bí ilé-ẹjọ́ bá tún dá a lẹ́bi lẹ́ẹ̀kejì, yóò san ₦2,000 tàbí kí ó ṣe ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Bí kò bá tún gbọ́, ó di ₦5,000 tàbí oṣù méjì.

A gbọ́. Ṣùgbọ́n kí òfin yẹn tó kan òbí, ìjọba ló kọ́kọ́ kàn. Gbólóhùn tó ṣáájú ni pé gbogbo ìjọba ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ pèsè ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà fún gbogbo ọmọ tó tó lọ sí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti JSS. Kò sọ pé ọmọ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá pé ogójì nìkan. Bí ìjọba bá ti ilé-ẹ̀kọ́ pa, tí ọmọ ọdún méjìlá kò lè rin ìrìn wákàtí méjì, tí ó wá jókòó sílé, ta ni yóò san owó ìtanràn? Ṣé ìyá àgbà rẹ̀ tó ń ta gààrí ni?

BÍ ÀWỌN BÀBÁ WA ṢE Ń KỌ́ ILÉ-Ẹ̀KỌ́

Ilé-ẹ̀kọ́ kékeré ní abúlé kì í ṣe àṣìṣe ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ 17, oṣù kìíní, ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Iye ọmọ tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ kò tó 500,000 ní ọdún 1954. Nígbà tí 1955 máa fi dé, ó ti lé ní 800,000. Ní ọdún kan náà ni ìjọba yẹn bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ Mọ́dà, ọlọ́dún mẹ́ta, fún ọmọ tó bá jáde ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí kò rí ọ̀nà wọ girama. Ẹ bi àwọn bàbá yín. Lára àwọn tó ti Mọ́dà jáde ni wọ́n di tíṣà, akọ̀wé, nọ́ọ̀sì, oníṣẹ́ rélùwéè.

Nígbà tó di ọdún 1979, ìjọba ẹgbẹ́ UPN sọ girama di ọ̀fẹ́ ní Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Oǹdó àti Bẹ́ńdẹ̀lì. Ilé-ẹ̀kọ́ tuntun hù káàkiri, títí dé àárín oko. Ara ìlú ló gbé yanrìn lórí, ará ìlú ló da bíríkì, ìyálọ́jà dáwó páànù. Ní ọdún 1982 ni ètò 6-3-3-4 dé, tí a sì pín girama sí JSS àti SSS. Àwọn tó kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí kò kọ́kọ́ béèrè iye orí tí yóò wọ inú rẹ̀. Ohun tí wọ́n béèrè ni pé, ibo ni ọmọ yóò ti máa bọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì ti ṣe é tó? Ìbéèrè àgbà nìyẹn. Àwọn tó fẹ́ ti ilé-ẹ̀kọ́ pa lónìí kò béèrè é mọ́.

TA NI Ó WÀ NÍNÚ KÍLÁÀSÌ NÁÀ?

Ẹ ṣí ìwé ìpè-orúkọ irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní àgbègbè kòkó, ní ìhà Ifẹ̀, Oǹdó tàbí Ìdànrè, kí ẹ ka orúkọ inú rẹ̀ pẹ̀lú mi.

Àkọ́kọ́ ni ọmọ onílé onílẹ̀. Wọn kò pọ̀ mọ́. Ẹni tó bá ní owó díẹ̀ ti rán tirẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ní ìlú. Èyí tó kù ni ọmọ àgbẹ̀ tí kò ní ju ìdí kòkó díẹ̀ lọ.

Èkejì ni ọmọ àwọn alágbàṣe àti àwọn tó ń dá oko fún olóko: Ìgbìrà, Ìgèdè, Àgátú, Tífì, àti àwọn tó ti orílẹ̀-èdè Benin àti Togo wá. Nígbà mìíràn ẹ ó rí ọmọ Fúlàní kan tàbí méjì. Àwọn wọ̀nyí ni àgbà wa pè ní ọmọ àlejò.

Ẹ̀kẹta ni ọmọ tiwa. Bẹ́ẹ̀ ni, tiwa. Ọmọ òṣìṣẹ́ Ìkẹjà, ọmọ awakọ̀ Ìbàdàn, ọmọ obìnrin tó ń to ọjà sínú páálí ní ilé-iṣẹ́ tó wà ní Ọ̀tà. Nígbà tí owó orí epo lọ ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí owó ilé àti owó ọkọ̀ gun òkè, ọ̀pọ̀ nínú wa dá ọmọ padà sí abúlé. Yàrá kan kò gba èèyàn mẹ́fà. A fi wọ́n sọ́dọ̀ ìyá wa, a ń fi owó ránṣẹ́ nígbà tí a bá rí i.

Ọjọ́ orí wọn kò dọ́gba. Ọmọ ọdún mọ́kànlá wà ní JSS 1, ẹni tó ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún náà wà níbẹ̀, nítorí pé ó ti fi ọdún púpọ̀ bá bàbá rẹ̀ ro oko. Bí kíláàsì bá sì ti ń gòkè ni àwọn ọmọbìnrin ń dín kù. Ọ̀nà jìn, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò sí, ọlọ́kadà kan a sì wà tó ń gbé ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́ ní àárọ̀, tó ń wá gba owó rẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn. Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ náà yé yín.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ilé-ẹ̀kọ́ náà kò ní ju ọmọ díẹ̀ lọ, ẹ bi í pé, àwọn ọmọ ta ni? Ọmọ alágbàṣe, ọmọ àgbẹ̀ tálákà, ọmọ òṣìṣẹ́ tí owó ìlú lé jáde. Ọmọ máníjà kò sí nínú wọn. Ọmọ kọmíṣọ́nà kò sí nínú wọn. Ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn yẹn, ojú wa ló ti í mọ́.

Ní ti ọ̀rọ̀ àlejò, n óò sọ ọ́ ní gbangba. Ẹgbẹ́ wa kì í bi òṣìṣẹ́ ní ẹ̀yà rẹ̀ ní ẹnu géètì kí a tó gba owó ẹgbẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbìrà tó ń gun igi kòkó, òṣìṣẹ́ ni. Kòkó tó ká ni awakọ̀ wa ń gbé lọ sí Apápá. Bí owó ọwọ́ rẹ̀ bá dára fún wa, ọmọ rẹ̀ kò burú jù láti jókòó lórí bẹ́ǹṣì.

BÍ WỌ́N ṢE Ń PA Á DÍẸ̀DÍẸ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ, ẹ mọ bí ọ̀gá ṣe ń pa ẹ̀ka tí kò fẹ́ mọ́. Kì í kọ́kọ́ tì í. Yóò kọ̀ láti ra pààtì fún ẹ̀rọ. Ẹni tó bá fẹ̀yìn tì, kò ní gba ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Yóò kó àwọn tó mọ iṣẹ́ lọ sí ibòmíràn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta yóò pe ìpàdé, yóò na ìka sí ìwé ìṣirò, yóò ní: ẹ wò ó, ẹ̀ka yìí kò mú nǹkan wọlé.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ń ṣe ilé-ẹ̀kọ́ abúlé. Tíṣà ìṣirò fẹ̀yìn tì, wọn kò rán ẹlòmíràn wá. Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì rí ẹni tó mọ̀ ní ọ́fíìsì, ó gba ìwé lọ sí ìlú. Páànù ṣí, òjò ń wọlé. Òbí tó lágbára kó ọmọ rẹ̀ kúrò. Àwọn tó kù ń dáwó láàrin ara wọn láti fi gba ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní SSS láti kọ́ wọn. Iye ọmọ wá dín kù. Òṣìṣẹ́ ìjọba wá dé pẹ̀lú bírò, ó kà wọ́n, ó ní: wọn kò pọ̀ tó. Àwọn tó lé ọmọ jáde ló tún ń ka èyí tó ṣẹ́kù!

Ọjọ́ wo ni wọ́n tilẹ̀ ń kà wọ́n? Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ ọjà, ìdajì ọmọ ti tẹ̀lé ìyá wọn lọ. Bí ó bá jẹ́ láàrin oṣù kẹwàá sí oṣù kejìlá tí kòkó ń já, àwọn ọmọ wà lóko, wọ́n ń fọ́ kòkó. Ọmọ alágbàṣe ń dé nígbà tí bàbá rẹ̀ bá gba oko, ó sì ń lọ nígbà tí bàbá rẹ̀ bá pààrọ̀ oko. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye ọmọ ní tòótọ́, kí ó ka àwọn tó wà nínú ìwé, kí ó ka àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì, kí ó sì tún ka àwọn tó jáde ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ abúlé náà tí wọn kò dé JSS rárá. Ẹ̀ẹ̀kẹta yìí ni wọn kì í kà.

ÌṢIRÒ TÍ KÒ PÉ

Wọ́n ní owó ń ṣòfò. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò náà. Ká ní ọmọ 36 ló wà ní ilé-ẹ̀kọ́ kan: 15 ní JSS 1, 12 ní JSS 2, 9 ní JSS 3. Bí ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì bá ní ogójì ọmọ fún tíṣà kan, tíṣà ẹyọ kan ló máa rán wá síbẹ̀. Ṣé ẹnì kan lè kọ́ kíláàsì mẹ́ta ní ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá, sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà? Awakọ̀, dá mi lóhùn. Bí èrò márùn-ún péré bá wà nínú ọkọ̀ tí ó lè gba méjìdínlógún, ṣé ìdá mẹ́ta dẹ́rẹ́bà ni wọ́n ń fi sí i? Ọkọ̀ kan, dẹ́rẹ́bà kan. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni a fi ń wọn òṣìṣẹ́, kì í ṣe iye èrò.

Ẹ jẹ́ kí a wá ṣe ìṣirò tiwọn dé òpin. Ká ní wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ náà pa, tí ọ̀kadà sí ìlú wá ń gba ₦500 ní àlọ, ₦500 ní àbọ̀. Ọmọ kan yóò ná ₦5,000 ní ọ̀sẹ̀, ₦20,000 ní oṣù. Ọmọ méjì, ₦40,000. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin ọdún 2024 là sílẹ̀ ni ₦70,000. Kí ló kù tí a ó jẹ? Owó tí ìjọba ní òun dá sí, apá wa ló ti yọ ọ́. Kò dín kù rárá. Èjìká ló pààrọ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n máa pariwo pé owó kò sí. Òfin 2004 yẹn ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ, ó kéré tán, ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó àpò rẹ̀ fún ẹ̀kọ́ yìí, kí ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gbà nínú rẹ̀ sì gbé ìdajì tirẹ̀ kalẹ̀. Láìmọye ìgbà ni owó yẹn ti dùbúlẹ̀ sí Àbújá nítorí pé àwọn ìpínlẹ̀ kan kò gbé tiwọn wá.

ÀWỌN TÓ TI ṢE É ṢÁÁJÚ

A ti rí àpẹẹrẹ ìdàpọ̀ nílé. Láti ọdún 2012, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tún ilé-ẹ̀kọ́ tò. Wọ́n pín in sí ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin, ti ọdún márùn-ún láàrin, àti ti ọdún mẹ́ta lókè, wọ́n sì da ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ pọ̀. Wọ́n kọ́ ilé ńláńlá tó rẹwà, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ariwo àwọn òbí àti àwọn ìjọ tó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ kò dúró. Ní ọdún 2020, ìjọba tó tẹ̀lé e dá gbogbo rẹ̀ padà sí 6-3-3-4. Ọmọ tó kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ láàrin ọdún wọ̀nyẹn kò lè padà di ọmọ ọdún méjìlá.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé ìyà ló ń mú orílẹ̀-èdè ní ilé-ẹ̀kọ́ kékeré, kí ó wo Japan, níbi tí a ti ń ra ẹ̀rọ àti ọkọ̀. Abúlé wọn ń gbẹ, ọmọ kò pọ̀. Àwọn náà ń ti ilé-ẹ̀kọ́ pa, n kò purọ́. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1954 ni wọ́n ti ní òfin fún ẹ̀kọ́ ní ibi jíjìn. Òfin náà fi owó kún owó tíṣà tó bá lọ síbẹ̀, ó lè tó ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ní kí ìjọba ìbílẹ̀ rí sí bí ọmọ yóò ṣe dé ilé-ẹ̀kọ́. Ní ilé-ẹ̀kọ́ wọn tó dà bí JSS wa, ìlànà wọn kò fàyè gba dída kíláàsì méjì pọ̀ sí ọ̀kan àfi bí ọmọ méjèèjì lápapọ̀ kò bá ju mẹ́jọ lọ. Mẹ́jọ! Àwa ń sọ pé ogójì kéré.

ÈYÍ TÓ JẸ́ ÒTÍTỌ́ NÍNÚ Ọ̀RỌ̀ WỌN

N kò ní bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ kékeré ní ìṣòro. Yàrá sáyẹ́ǹsì kì í sí. Tíṣà kan a máa kọ́ ohun tí kò mọ̀. Ọmọ tó bá mọ̀wé kì í rí ẹgbẹ́ tí yóò bá a dù ú. Ẹni tó bá ní kí ó máa wà bí ó ṣe wà yìí kò fẹ́ràn ọmọ. Ṣùgbọ́n a kì í torí pé orí ń fọ́ ni kí a bẹ́ orí. Tíṣà sáyẹ́ǹsì kan lè máa yí ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta ká láàrin ọ̀sẹ̀, bí ìjọba bá fún un ní alùpùpù àti owó epo. Ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta lè jọ ní àpótí irinṣẹ́ sáyẹ́ǹsì kan. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti JSS lè wà nínú ọgbà kan, kí wọ́n jọ ní omi àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Bí ó bá sì wá di dandan pé kí a da méjì pọ̀, ẹ jẹ́ kí a rí ọkọ̀ ná. Àwa ni a ń wa ọkọ̀, a mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe ọkọ̀ ọjọ́ ìṣílé tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn. Ta ni yóò máa ra dísù? Ta ni yóò pààrọ̀ táyà? Ta ni yóò san owó dẹ́rẹ́bà ní ìparí oṣù? Ta ni yóò tún afárá ṣe nígbà òjò? Ẹni tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè mẹ́rin yìí, kí ó mú ọwọ́ kúrò lára kọ́kọ́rọ́.

OHUN TÍ MO FẸ́ KÍ ẸGBẸ́ ṢE

Mo ń gbé àbá mẹ́rin síwájú ìpàdé ẹ̀ka wa tó ń bọ̀:

1. Kí a kọ orúkọ gbogbo ọmọ ọmọ-ẹgbẹ́ wa tó wà ní JSS abúlé, àti ti àwọn tó ti dúró, kí a mọ iye wọn láti ọwọ́ ara wa.

2. Kí a kọ̀wé sí àjọ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ ní ìpínlẹ̀, pé iṣẹ́ tí a ń kọ́ àti iye kíláàsì ni kí wọ́n fi máa pín tíṣà, kì í ṣe iye orí nìkan, kí wọ́n sì fi owó kún ti tíṣà tó bá gbà láti gbé ní abúlé.

3. Kí ilé-ẹ̀kọ́ kankan má ṣe tì, àfi bí ọkọ̀ ọ̀fẹ́ bá ti ń ṣiṣẹ́ fún odindi sáà kan.

4. Kí a bá ẹgbẹ́ àwọn tíṣà sọ̀rọ̀, kí a jọ sọ ọ́ ní ohùn kan. Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà.

Àwọn bàbá wa ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Púpọ̀ nínú wa kò ní ilé tí ọmọ yóò tà. Owó iṣẹ́ wa kò kọ́ ilé. Ohun tí a ní ni ọmọ náà fúnra rẹ̀, àti ọdún mẹ́ta tí òfin ní kí wọ́n fún un. Bí ó bá jẹ́ àwọn mẹ́sàn-án péré ló kù ní JSS 3, mẹ́sàn-án náà ni kí tíṣà wọlé kọ́. Ẹ wá sí ìpàdé, ẹ mú aya àti ọkọ yín dání, ẹ jẹ́ kí a dìbò fún un.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Kí ẹgbẹ́ wa máa lágbára sí i.